Táyà Tó Kọ́ Sára Ògiri

"Dúnní, ta ló fọ kẹ̀kẹ́ mi?"

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé kan ni, lọ́dún 1997. Àǹtí Agnes, àbúrò ìyá mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa nílùú Ìwó nínú aṣọ funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, wọ́n ń wo kẹ̀kẹ́ wọn tó ń dán gbinrin. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní èmi ni.

"O ṣeun, ọmọ mi. Èmi rò pé ìwé nìkan lo mọ̀ ọ́n kà, àṣé o tún mọ iṣẹ́ ilé í ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ orí táyà iwájú, wọ́n tẹ tẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ó le." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ náà lọ síbikíbi. Mo tẹjú mọ́ àtàǹpàkò wọn. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré ló wà láàárín ibi tí wọ́n tẹ̀ àti ohun tí mo fi pamọ́. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò sọ̀rọ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gùn. Dókítà òyìnbó kan, obìnrin, tó bá àǹtí mi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kékeré kan tó jẹ́ ti ìjọ wa, ló fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún gígun òkè ni. Táyà rẹ̀ nípọn, ó ní eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà, òkúta ọ̀nà oko kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni omi aláwọ̀ ewé kan tó ki bí ògì, tí dókítà náà rọ sínú túúbù rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún táyà náà, omi yìí á lọ dí ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń gùn ún kò tilẹ̀ ní mọ̀. Oògùn táyà ni àwa ọmọdé àdúgbò ń pè é.

Ṣùgbọ́n dókítà náà kìlọ̀ kó tó lọ. Ó ní ihò ẹ̀gún nìkan ni oògùn náà lè dí. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Ìdí nìyẹn tó fi fi táyà tuntun kan sílẹ̀. Àǹtí mi fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n ń gùn lọ gbẹ̀bí fún àwọn aboyún ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn Olúpọ̀nnà. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún mi lórí rẹ̀: "Ọjọ́ tí o bá gùn ún láìgbàṣẹ, ọjọ́ náà ni o ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ ní Ilé-Ogbó." Àǹtí mi kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọdún kan péré ló kù kí n ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, bàbá mi kò sì lágbára àtirán mi níwèé. Bí mo bá padà sí Ilé-Ogbó, ìwé mi parí nìyẹn.

Ní Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdé tí mo ń wí yìí, àǹtí mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wùmí, ọ̀rẹ́ mi, wá bá mi. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì wa ti háyà kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Fáṣínà, wọ́n fẹ́ fi díje ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa.

"Gbé ti òyìnbó yẹn jáde jàre," ni Wùmí wí. "Àbí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ru abẹ́rẹ́ lásán ni?"

"Àǹtí mi á lé mi kúrò nílé."

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ó sì wù ẹ́, ojú ẹ ti sọ ọ́."

Lóòótọ́ ló wù mí. Mo gbé e jáde, mo sì fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dé eegun. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ni mo rí ògbólógbòó páànù kan tó yọ ẹnu jáde nínú koríko. Mo yà fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Páànù náà ya ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ojú ibẹ̀ gùn tó ìka kan. Omi aláwọ̀ ewé tú jáde, ó hó díẹ̀, ó sì dákẹ́. Wùmí pàtẹ́wọ́, ó ní, "O ò rí i? Oògùn ti ṣiṣẹ́."

Mo tì í lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àyànbádéjọ, fọkanáísà tó wà níkòríta wa, pé kí wọ́n bá mi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ ẹ. Wọ́n da omi ọṣẹ sójú ibi tó ya, kò hó. Síbẹ̀, bàbá náà mi orí.

"Kò jò," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n táyà fúnra rẹ̀ ti gé. Oògùn yín yìí dí ihò ni, kò rán ọgbẹ́. Bó bá gbé ẹrù dórí òkúta, yóò bẹ́. Ṣé ẹ ní òmíràn nílé?"

"Ó wà, sà."

"Sọ fún ìyá ẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí wọ́n tó jẹun tán, mo ti pààrọ̀ ẹ̀."

"Màá sọ fún wọn, sà."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fọ kẹ̀kẹ́ náà, mo nù ún, mo sì mú pólíìṣì dúdú tí mo fi ń kun bàtà ilé ẹ̀kọ́, mo fi dí ojú ibi tó ya. Mo kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ táyà náà kó lè bára mu. Nígbà tí mo ṣe tán, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Iṣẹ́ yìí ni àǹtí mi rí láàárọ̀ Mọ́ńdé tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, tí ó jẹ́ Túsìdé, awakọ̀ kan tó ń ru iṣu bọ̀ láti ọ̀nà Olúpọ̀nnà mú ìwé wá fún àǹtí mi lọ́sàn-án. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n. Ọ̀kadà kò rìn, mọ́tò kò rìn, epo inú ọkọ̀ awakọ̀ náà pàápàá gbẹ bó ṣe wọ Ìwó. Bùọ̀dá Nehemiah, àgbẹ̀ kan ní Abà Elékùrọ́, ló kọ ìwé náà. Àrínọlá, ìyàwó wọn, ti ń rọbí láti àárọ̀.

Mo mọ Àrínọlá dáadáa. Àdúgbò wa ló ti lọ sílé ọkọ. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n pe òun ní àǹtí, ó ní òun kò tíì hu ewú. Òun ló ń dirun fún mi. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn, tó di ìjókòó mú, tó ń sáré tẹ̀lé mi lẹ́yìn, tó ń wí pé, "Má wo ẹsẹ̀ ẹ. Iwájú ni kí o wò."

Àǹtí mi gbé báàgì ìgbẹ̀bí wọn. Wọ́n tẹ táyà. "Ó le."

"Àǹtí mi," ni mo wí.

"Kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo rántí Ilé-Ogbó. Mo ní, "Ẹ máa rọra o, mà." Èmi náà ni mo sì bá wọn so báàgì náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, lókè táyà yẹn gan-an.

Wọ́n kọjá Olúpọ̀nnà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta tó wà níwájú ni táyà náà ti bẹ́, tó sì gbé wọn ṣánlẹ̀. Orúnkún wọn bó. Kò sí ilé nítòsí, kò sí ẹnì kan lójú ọ̀nà. Wọ́n ju kẹ̀kẹ́ sínú igbó, wọ́n gbé báàgì lérí, wọ́n ń tiro lọ. Ìrìn tí kì bá gbà wọ́n ju ààbọ̀ wákàtí lọ lórí kẹ̀kẹ́ gbà wọ́n tó wákàtí méjì.

Àǹtí mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn gbọ́ igbe ọmọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà abà, inú àwọn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀jẹ̀ Àrínọlá ń dà, kò dá. Abẹ́rẹ́ tí í dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró wà nínú báàgì wọn. Wọ́n fún un. Ó ti pẹ́ jù. Àrínọlá dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn ẹbí Bùọ̀dá Nehemiah fi ẹjọ́ sùn pé nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mí aboyún ṣeré. Ní Sátidé, àwọn alàgbà ìjọ pe gbogbo wọn jọ sílé ìwòsàn. Mo tẹ̀ lé àǹtí mi lọ nítorí wọn kò lè dá rìn dáadáa.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ yẹ táyà yín wò kí ẹ tó jáde?" ni alága bi wọ́n.

"Mo tẹ̀ ẹ́, sà. Ó le."

Ẹ̀gbọ́n Bùọ̀dá Nehemiah ní, "Táyà tó le ló bẹ́? Ẹ̀mí àwa ará oko kò jọ yín lójú ni."

Àǹtí mi tẹ orí ba. "Ó lè jẹ́ pé n kò wò ó dáadáa," ni wọ́n wí. "Ẹ foríjì mí."

Àforíjì tèmi ni wọ́n ń tọrọ yẹn, wọn kò sì mọ̀. N kò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wọn, mo ní èmi ni. Mo sọ ti Sátidé tó kọjá, mo sọ ti páànù, mo sọ ohun tí Bàbá Àyànbádéjọ wí, mo sọ ti pólíìṣì bàtà.

 Bùọ̀dá Nehemiah, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló bi mí léèrè.

"Ṣé táyà mìíràn wà nílé?"

"Ó wà, sà."

"Níbo ló wà?"

"Ó kọ́ sára ògiri."

Wọ́n dìde, wọ́n sì jáde. Wọn kò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí a délé, mo di ẹrù mi. Mo mọ òfin. Àǹtí mi jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n.

"Tú ẹrù ẹ," ni wọ́n wí. "Bí o bá lọ, ta ni yóò máa bá mi gbé mílíìkì lọ fún ọmọ yẹn? Òfin tí mo ṣe torí kẹ̀kẹ́ ló dí ọ lẹ́nu. Èmi náà ní tèmi nínú rẹ̀." Wọ́n wá sunkún. N kò rí wọn kí wọ́n sunkún rí.

Mo sọ̀ táyà náà kalẹ̀ lára ògiri, kí a lè fi sára kẹ̀kẹ́ náà. Ojú ibi tó wà funfun róbótó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tún ilé náà kùn.

Ọdún mẹ́jọ ti kọjá. Àdúrà ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lóṣù tó kọjá, ó ní kí n kọ́ òun ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Mo di ìjókòó mú, mo ń sáré tẹ̀lé e, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Má wo ẹsẹ̀ ẹ. Iwájú ni kí o wò."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo da eérú, Àrínọlá ló tọ̀ lọ. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá máa lé yín kúrò nílé. Ìyà tí òtítọ́ mú wá á tán. Ẹni tí irọ́ bá pa kì í padà wá.

Àdúrà gun kẹ̀kẹ́ náà dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Àǹtí Dúnní, ta ló kọ́ ẹ̀yin náà?"

Mo ní ìyá rẹ̀ ni. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ ìyá òun fún òun. Mo ní kó jókòó.