Koríko Tó Di Òjé Mú

"Wọ́n ní ó sọ pé…"

"Ta ló sọ?"

"Oníkoríko mà ni! Ó ní òjé yẹn… ó ní láéláé…"

"Yéè! Ọmọ inú ilé náà wá ńkọ́?"

"Ìwọ náà rò ó wò. Ohun tí kò ṣe é fọ̀ kúrò lára ilẹ̀, ṣé lára ènìyàn ni…"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi wọlé tọ Abẹ́rẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ ló sì ń rán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ọkàn rẹ̀ fò lọ sí òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ rí Oníkoríko.

Ìrì ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wọn, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Abẹ́rẹ́ kí i láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé nǹkan yín sọnù ni?"

"Rárá o. Mò ń kí ilẹ̀ ni."

"Ó dáhùn?"

"Ó ní inú ń run òun."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́ kó tó rí ọwọ́ fi bò ó.

Inú ilẹ̀ náà ń run ún lóòótọ́. Ibẹ̀ ni bàbá Abẹ́rẹ́, kó tó kú, ti máa ń tú ògbólógbòó bátìrì ọkọ̀, tó ń yọ́ òjé inú wọn nínú ìkòkò irin. Láti ìgbà náà, ewé kan kò hù níbẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá ń fẹ́ Abẹ́rẹ́ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè ohun tó pa ilẹ̀ náà, kò sì padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé. Abẹ́rẹ́ gan-an kò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń tún ilẹ̀ ṣe ti rán Oníkoríko wá. Ó po egungun tí wọ́n sun tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ èédú gígún àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, ó rò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀, ó sì gbin koríko sí i. Abẹ́rẹ́ ń bá a pọnmi. Nígbà tí koríko náà yọrí, tí afẹ́fẹ́ àárọ̀ ń fẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó dà bíi pé ẹ̀yìnkùlé náà ń mí lójú oorun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ fa ìdì kan tu, ó fọ gbòǹgbò rẹ̀ nigínnigín, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, ó ń dúró de ọkùnrin náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ wò ó! Ó ti fa òjé jáde. Ẹ jẹ́ ká fa ìyókù tu, kí ilẹ̀ lè mọ́."

Oníkoríko gbá orí mú. "Háà, ààyò mi! Kì í fà á jáde. Ó ń dì í mú ni. Egungun àti èédú so òjé mọ́lẹ̀, koríko wá dùbúlẹ̀ lé e lórí, kí òjò má gbé e lọ sínú kànga, kí afẹ́fẹ́ má gbé e wá sí imú wa. Èyí tí o fà tu yìí, ẹlẹ́wọ̀n lo tú sílẹ̀!"

Àwọn méjèèjì ló gbọ́ "ààyò mi" yẹn. Wọ́n jọ kúnlẹ̀, wọ́n dá koríko náà padà sílẹ̀, inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà sì ni ọwọ́ wọn ti kọ́kọ́ pàdé.

Òun náà ni wọ́n ní ó wá sọ pé láéláé, òun kò ní fẹ́ ọmọ ilé olójé.

"Mo ti mọ̀!" ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tí ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé. "Àwa là ń gbé omi fún un mu, àwa náà ló tún ń bà jẹ́ níta!" Ó ti géètì ẹ̀yìnkùlé pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Abẹ́rẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń rán aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń rán an.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí. Lówùúrọ̀ kan, wọ́n ń gbọ́ tí omi ń ta sórí ewé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àlá.

"Òjò ń rọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. Ìyá tó bí ìyá Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, gbogbo ilé ló sì gbà pé etí rẹ̀ ti di.

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, Ìyá!" ni ọmọ rẹ̀ pariwo sí i létí.

"Má pariwo mọ́ mi, èmi kọ́ ni adití ilé yìí. Ọkùnrin yẹn ló dúró sẹ́yìn ọgbà, tó ń fi ọ̀pá omi rọ́bà da omi wọlé. Ẹni tó bá kọ̀ yín, ṣé á máa bomi rin ilé yín?"

Abẹ́rẹ́ dìde. "Ìyá, ẹ ń gbọ́ràn?"

"Mò ń gbọ́ èyí tó wù mí. Ọjọ́ tí alágbàfọ̀ bi í léèrè ìgbà tí òjé yẹn máa kúrò, ìhín ni mo wà. Ìdajì ló gbọ́ tó ti sáré gbé e lọ, kó má baà tutù."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ?"

"Ta ló bi mí?"

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. "Ìyá mi, èmi ń bi yín. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

"Kí ìyá ẹ kọ́kọ́ lọ ṣí géètì. Kí ọlọ́rọ̀ wà níbẹ̀, tí mo bá parọ́, kó já mi."

Kọ́kọ́rọ́ dún. Oníkoríko wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, kò lè wo Abẹ́rẹ́ lójú. Ìyá Àgbà pa ojú dé bí ẹni ń rántí orin, ó sì sọ ọ́:

"Ó ní, 'Òjé yẹn kò ní kúrò níbẹ̀ láéláé, màmá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò ní lè pa ẹnikẹ́ni lára, tí ẹnì kan bá wà nítòsí tí á máa tọ́jú koríko yìí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ jẹ́ ẹni yẹn, tí Abẹ́rẹ́ bá gbà mí.'"