Ohun Tó Wà Nínú Ẹrù Kọ́lá

Áàpù tí Kọ́lá ṣe tán, tó sì dì ránṣẹ́ sí mi, wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni iṣẹ́ rẹ̀: bí obìnrin bá ń rọbí lóko, ẹnìkan á tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù, áàpù á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí awakọ̀ tó bá wà nítòsí. Kí ló wá sanra tó báyìí nínú rẹ̀? Mo pe Kọ́lá ní Odò-Ẹrẹ̀.

"Kò sí àwòrán, kò sí ohùn," ó ní. "Fẹ́yìsetán, má tú u o. Bí mo ṣe dì í ni kí o gbé e lọ."

Èmi kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sí Kabba, kí n tẹ àṣẹ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹrù tí wọ́n ti dì gòkè lọ sí kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá òkè òkun tí gbogbo fóònù lè kàn sí. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ń gúnyán lẹ́yìn fèrèsé mi. Ara mi kò balẹ̀ rárá. Àbúrò mi, Ìdùnnú, wà lóko ọkọ rẹ̀ lọ́nà Kiri, oṣù rẹ̀ ti pé. Lóko bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá wa kú sí lórí ìkúnlẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kò dé. Torí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe bẹ Kọ́lá kó ṣe áàpù yìí.

Mo tẹ àṣẹ náà. Ìlà funfun ń jáde lójú kọ̀ǹpútà tó dúdú: ó ti gbà á, ó ń gbé e kalẹ̀, ó ti gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

"Okun o."

Ohùn obìnrin ni, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbọ́ ohùn tí a kò rí ojú, a kò gbọdọ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa kí ní okun nílẹ̀ wa tí á panu mọ́? Ìgbéraga gbáà ni. Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú.

"Okun o."

"Ọlọ́wọ́-òsì mi," ohùn náà ní, "Ìdùnnú ń rọbí. Ó wà létí odò. Yára."

Èèyàn kan ṣoṣo ló lè pè mí bẹ́ẹ̀ kí n má bínú, ìyá mi sì ni. Mo dìde gìrì, àga ṣubú lẹ́yìn mi. Mo pe Jethro, awakọ̀ tí oko rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, mo ní kó sáré lọ gbé Ìdùnnú létí odò.

"Ta ló sọ fún yín, àǹtí?"

"Má bi mí. Ṣáà máa lọ!"

Etí odò náà ló ti bá a, òun nìkan, nínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè, Ìdùnnú sì bí obìnrin. Nígbà tí mo débẹ̀, Ìdùnnú di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe mọ̀? Fóònù mi ti bọ́ sódò. Yèyé wa tó ti kú nìkan ni mò ń pè."

Kọ́lá wá sí Kabba fúnra rẹ̀, ó tú ẹrù tí mo gbé sókè yẹn wò. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ló bá níbẹ̀, ó sì ti fúyẹ́. Ohun tó mú un wúwo ti jáde lọ.

A sọ ọmọ náà ní Yéjídé, bí a ti ń sọ ọmọbìnrin tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kú kó tó dé. Mo kà á sí orúkọ lásán. Áàpù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí wọn. Yéjídé ti lé lọ́dún kan, kò sì tíì lè sọ ju "màmá" lọ. Ó rìn tàgé-tàgé wá bá mi, ó di ọwọ́ òsì mi mú, ó tẹjú mọ́ mi.

"Okun o," ó ní, ohùn ọjọ́ yẹn gan-an. "Ọlọ́wọ́-òsì mi, ṣé o ti jẹun?"

"Àǹtí, ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀?" Ìdùnnú béèrè láti ìdáná.

Ọmọ náà kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó dúró, ó ń retí kí n dá okun padà.