Ẹ Jù Ú, Kò Fọ́

Orí Kòfọ́ ló fọ́.

Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ta ohun tí kì í fọ́ ló dùbúlẹ̀ sẹ́yìn káńtà ara rẹ̀. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ là. Ojú rẹ̀ ń wo àwọn páùṣì fóònù tí òun fúnra rẹ̀ so rọ̀ sára ògiri. Nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni garawa tó máa ń ri sípíkà sí wà, kí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ rí i pé omi kò lè pa á. Omi inú garawa náà ti pọ́n díẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé oúnjẹ àárọ̀ wá fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Igbe tó ké ló kó àdúgbò jọ. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n ti já ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé e fún aládùúgbò.

Ẹjọ́ náà rọrùn lójú ọlọ́pàá. Láràárọ̀, kí Kòfọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, á sì polówó ọjà rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù títí gbogbo òpópónà á fi gbọ́. Láàárọ̀ yẹn náà, wọ́n gbọ́ ọ. Lẹ́yìn igbe náà, ìyàwó rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí tó wọlé. Ọkọ polówó, ìyàwó wọlé, ọkọ kú. Kí ló tún kù?

"Bàtà ló kù," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Abẹ́rẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà. Obìnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọ̀gá teṣan kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà kò bẹ̀ ẹ́.

"Bàtà wo?" ni ọ̀gá bi í.

"Bàtà ìyàwó. Ó ní òun tẹ ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí òun sáré bá ọkọ òun, pé ó ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo yí bàtà náà padà. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ eléruku wà lórí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ bàtà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń gbẹ báyẹn?"

"Òkú kì í polówó ọjà, Abẹ́rẹ́."

"Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ìyẹn ló ń dùn mí nínú."

Ọ̀gá ranjú mọ́ ọn. "Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń gbé obìnrin yẹn lọ sílé ẹjọ́. Tó o bá ní nǹkan, mú un wá. Tó ò bá ní, gbẹ́nu dákẹ́."

Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì títì, lọ́dọ̀ Baba Wáyà, ẹni tó ń ta wáyà àti ṣájà.

"Ẹ máa gbọ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀," ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ó gba oníbàárà mi."

"Ìyẹn lẹ ṣe pa á?"

"Tó bá jẹ́ pé mò ń pa gbogbo ẹni tó gba oníbàárà mi, ta ni ì bá kù ní òpópónà yìí? Ẹ̀yin lẹ máa máa tajà níbí."

"Ẹ polówó bó ṣe polówó láàárọ̀ yẹn kí n gbọ́."

Baba Wáyà wúkọ́. "'Ẹ jù ú, kò fọ́! Ẹ rì í, kò kú! Kòfọ́ àti àbúrò rẹ̀ ló ni ín!' Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ."

"Kí ló dùn níbẹ̀?"

"Pé wọ́n ti parí ìjà ni! Látìgbà tí wọ́n ti jà, ó ti yọ àbúrò rẹ̀ kúrò nínú ìpolówó yẹn. 'Kòfọ́ nìkan ló ni ín' ló kù tó ń pariwo. Mo wá ní, háà, ọmọ ìyá ò ṣeé fi ṣọ̀tá."

"Kí ló dá ìjà sílẹ̀?"

Ẹ̀rín pa bàbá náà. "Ayédèrú. Àbúrò yẹn, Kòfọ́ Kékeré, lọ kó sípíkà wá, ó dúdú, ó tóbi, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀kan, ó rì í sínú garawa lójú oníbàárà. Ó ṣe 'wúrúú', ó kú. Ẹ̀gbọ́n wá ní, 'Ohun tí àbúrò mi fẹ́ kí n máa tà fún yín nìyí.' Títí di òní, Ó-kú-sómi la ń pe ọmọkùnrin yẹn níbí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyàwó ni kẹ́ ẹ mú, jàre. Òun àti ọkọ rẹ̀ jà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo wa la gbọ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

"Ikú ilé yín dà, Baba?"

"Ó wà nínú ilé, ó ń se ọbẹ̀."

Ògiri pákó kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù Kòfọ́ àti ti obìnrin atúnfóònùṣe. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì tó kún fún ẹ̀yà fóònù kéékèèké, kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́ pé ìwọ náà ń bá a ṣọ̀tá," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ta ni ò ní bá a ṣọ̀tá? Páùṣì rẹ̀ ti pa iṣẹ́ mi. Fóònù ń já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń dìde, ó ń gba ìpè. Kí ni kí n wá máa tún ṣe? Ìwà èèyàn?"

"Níbo lo wà nígbà tó polówó?"

"Orí àga yìí. Kòfọ́ Kékeré náà wà níwájú mi, ẹ bi í. Ó ní kí n pààrọ̀ gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù fún òun. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kígbe báyìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ṣé o gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi? Kì í rẹ̀ ẹ́.'"

"Nígbà tí igbe yẹn ń dún, ọwọ́ ta ni fóònù rẹ̀ wà?"

Atúnfóònùṣe gbójú sókè wàyí. "Ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó mú un wá, ó ní kí n fara balẹ̀, òun ń fèsì fún ẹnì kan. Ó tẹ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Ìgbà tí igbe parí ló tó gbé e fún mi."

"Gíláàsì tó fọ́ ńkọ́?"

"Tó fọ́ kẹ̀? Ìyẹn ló ṣe mí ní kàyéfì." Ó na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó fa gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Kò sán. Kò tiẹ̀ ha. "Mo sọ fún un pé èyí ṣì dára. Ó ní ṣé èmi ni màá bá òun náwó òun ni."

Abẹ́rẹ́ gba gíláàsì náà. Ó fi í sápò, ó bèèrè ọ̀nà ilé Kòfọ́ Kékeré.

Kòfọ́ Kékeré ti wọ aṣọ dúdú nígbà tó bá a nílé. Agbọ́rọ̀ aláìníwáyà tó fi ń gbọ́ orin ṣì wà létí rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga, nínú páùṣì rọ́bà tó nípọn bíi táyà.

"Bàbá ni ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ fún mi," ló wí. "Òun ló tọ́ mi. Òun ló rà mí ní gbogbo ohun tí mo ní."

"Títí kan páùṣì yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó le jù nínú ọjà rẹ̀ ni."

"Ó bú ọ lójú èèyàn."

"Ẹ̀gbọ́n ń bú àbúrò, màdáàmù. Ṣé ìyẹn tóó pànìyàn?" Ó sún mọ́ ọn. "Ìgbà wo lẹ máa ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn? Mo ní sípíkà kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ gbé."

"Òkú ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì wọlẹ̀, sípíkà lò ń bèèrè?"

"Tèmi ni. Ọ̀kan péré ni."

"Èwo nínú wọn?"

Ó mú fóònù rẹ̀ kúrò lórí àga, ó fi sápò. "Ẹ fi sílẹ̀ ná," ló wí.

Abẹ́rẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó tú èdìdì ọlọ́pàá. Sípíkà tò lórí pẹpẹ, gbogbo wọn jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà ká létí, tí wọ́n fi irin ṣe ọwọ́ rẹ̀. Eruku fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára wọn. Ọ̀kan mọ́. Ó mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó ká ìderí rọ́bà tó bo ojú ihò ṣájà rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò tan sípíkà náà. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpótí ayédèrú tí Kòfọ́ Kékeré kó wá, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo wọn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá teṣan dé, inú ń bí i. Wọ́n mú ìyàwó Kòfọ́ wá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú. Àwọn èèyàn ń wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gbé sípíkà náà lé káńtà. "Sípíkà yìí kì í dédé sọ̀rọ̀," ló wí. "Fóònù ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, láìsí wáyà, fóònù ọ̀hún kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà. Bí ògiri pákó kan bá wà láàárín wọn, kò burú. Tí wọ́n bá pa á tì, á pa ara rẹ̀. Tí wọ́n bá tún tàn án, fóònù tó lò ó kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ wá."

Ó tẹ̀ ẹ́. Sípíkà náà dún fíín, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ti rí i," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó pe nọ́ńbà kan.

Orin ìpè bú jáde láti inú sípíkà náà, ó mi káńtà tìtì. Gbogbo èèyàn fà sẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló mọ orin náà. Orin fóònù Kòfọ́ Kékeré ni.

Ọmọkùnrin náà fa fóònù yọ lápò. Kí ẹnikẹ́ni tó dì í mú, ó gbé e sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ sìmẹ́ńtì.

Fóònù náà fò. Ó yí bírí. Ó jókòó sílẹ̀.

Ó ṣì ń dún.

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e. Kò sán níbì kankan. "Ẹ jù ú, kò fọ́," ló wí jẹ́ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ fún ọ."

Ó wo àwọn èèyàn náà. "Baba Wáyà, ẹ gbọ́ 'Kòfọ́ àti àbúrò rẹ̀', inú yín dùn. Kò sí ìjà tó parí. Ìpolówó àtijọ́ tó gbà sínú fóònù rẹ̀ ni, ti ìgbà tí nǹkan ṣì dán mọ́rán láàárín wọn. Apànìyàn yìí kò ní òmíràn. Kò ráyè gba ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó di ọ̀tá rẹ̀. Ó ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kí àdúgbò tó jí, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ó fi sípíkà yìí fọ́ ọ lórí, ó fọ sípíkà náà nínú garawa, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ló lọ pààrọ̀ gíláàsì tí kò fọ́, kó lè jókòó sídìí ògiri, kí ẹlẹ́rìí sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà. "Ohun kan ló pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò. Ayédèrú rẹ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ọjọ́ tó o fẹ́ pànìyàn, ojúlówó lo mú."

"Ayédèrú ì bá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́!" Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì. "Ó rì mí sómi lójú ayé. Ọmọdé ń pè mí ní Ó-kú-sómi. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dá orúkọ mi padà sínú ìpolówó, orúkọ mi lásán. Ó ní títí òun fi máa kú, Kòfọ́ nìkan ni. Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo ní, ó dáa, títí o fi máa kú."

Ìyàwó Kòfọ́ sún mọ́ ọn. Gbogbo ọjọ́ tó ti délé ọkọ, kò pe ọmọkùnrin yìí lórúkọ rí.

"Ọkọ mi," ló wí, "ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ wá."

Obìnrin náà tún sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé. Ẹ wá fi mí sílẹ̀ kí n sùn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ gbọ́ tí ọmọ yín ń sunkún, ẹ lọ wọ aṣọ dúdú."

"Mi ò ro tiyín mọ́ ọn," ló wí.

"Mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò rò ó."

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó Kòfọ́, wọ́n fi de ọmọkùnrin náà. Àwọn èèyàn wá yí obìnrin náà ká, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú, àwa kúkú mọ̀ pé ẹ ò lè ṣe é. Baba Wáyà ló ń pariwo jù. Ìyàwó Kòfọ́ wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kí ẹnì kankan. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n.

Ó wá dúró ti Abẹ́rẹ́.

"Màdáàmù, ohùn tó wà nínú fóònù yẹn. Tẹ́ ẹ bá parí ẹjọ́, ẹ bá mi yọ ọ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe? Àbúrò yẹn náà ló ń dárúkọ níbẹ̀."

"Mo mọ ẹni tó ń dárúkọ," ni obìnrin náà wí. Ó tún ọ̀já ọmọ náà dì. "Mi ò ní ohùn rẹ̀ mìíràn."