Síídì Tí Lábọ̀dé Kò Wò

Lábọ̀dé parọ́ àjẹ́ mọ́ Ignace ní àdúgbò Abobo Gare lọ́dún 2006, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn ẹ̀kọ́ Ignace ju tirẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni Lábọ̀dé ń tún ṣe. Ní Sátidé, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń bàlágà ní katikísíìmù. Yóò béèrè, wọn yóò dáhùn láìronú.

Ignace dé, òun náà ń kọ́ wọn ní yàrá kejì, ó gbé fíìmù wá: ọba ayé àtijọ́ àti drágónì. Tó bá dé ibi tó gbóná, yóò dá a dúró. "Ká ní ẹ̀yin ni ọba yìí, ṣé ẹ ó kú fún ẹni tó tà yín?" Wọn yóò jiyàn títí, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí Ìhìnrere. Kò pẹ́ tí àwọn àga kíláàsì Lábọ̀dé fi ṣófo.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ náà láti yàrá kejì ń dùn ún. Ló bá ń ti ilé dé ilé. "Ẹranko tó ń fò, tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kí lẹ ń pè é? Àjẹ́ ni Ignace ń kọ́ wọn."

Àwọn ìyá kó ọmọ wọn kúrò. Wọ́n lé Ignace, ó kó lọ sí Port-Bouët, àdúgbò mìíràn. Àwọn ọmọ kò sì padà sọ́dọ̀ Lábọ̀dé. Ilé fídíò ìdí ọkọ̀ ni wọ́n gbà lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dá fíìmù dúró béèrè nǹkan.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì gbé ẹ̀rọ fídíò tí Ignace ń lò wá kí Lábọ̀dé tún un ṣe. Síídì Ignace há sínú rẹ̀. Adéfọlákẹ́, tó ń din dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, rí i.

"Bọ̀dá, fíìmù àjẹ́ yẹn nìyí?"

"Òun ni."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?"

Lábọ̀dé fi aṣọ nu síídì náà.

"Ẹ ò wò ó rí? Ẹ̀yin tí ẹ ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, tẹlifíṣọ̀n ń bà yín lẹ́rù? Ẹ tàn án, ká jọ wò ó."

Ó tàn án. Ọ̀gágun kan ta ọba rẹ̀ nítorí ìlara. Nígbà tí drágónì fẹ́ gbé ọ̀gágun náà mì, ọba ló bọ́ síwájú, ó kú dípò rẹ̀.

Lábọ̀dé pa tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó sílẹ̀. "Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ mọ katikísíìmù látòkè délẹ̀," Adéfọlákẹ́ wí. "Ṣé ẹ mọ̀ pé Jésù kú fún onílara?"

"Mi ò mọ̀ pé èmi ni onílara náà."

"Ó dáa, ẹ ti wá mọ̀. Ẹ sọ fún Jésù."

Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn wáyà. "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Gbà mí." Ó lọ jẹ́wọ́ fún Fádà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ignace, ó sì padà sí gbogbo ilé tó ti parọ́ láti sọ òtítọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ̀rín ta ni ń dùn ọ́? Má sọ pé o ti ṣe ìrìbọmi. Lábọ̀dé náà ti ṣe é. Ronúpìwàdà lónìí, kí ohun tó wà nínú rẹ tó dé ẹnu rẹ.

Jésù dárí ji Lábọ̀dé lọ́jọ́ yẹn. Ignace náà dárí jì í. Ṣùgbọ́n Ignace kò kọ́ ọmọ kankan mọ́. Tó bá gba Abobo kọjá, àwọn ìyá ṣì ń pe ọmọ wọn wọlé.