Télọ̀ Tó Ń Sá fún Abẹ́rẹ́

Télọ̀ kan wà tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Tún-un-wọ̀n. Bí ó bá ránṣọ fún ọ lóṣù tó kọjá, tí o sì tún padà wá lóṣù yìí, kò ní wo ohun tó kọ sínú ìwé. Yóò fa téèpù yọ lọ́rùn, yóò ní kí o nà ró, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan gbé aṣọ wá kí ó fi rán ṣòkòtò iṣẹ́ méjì fún òun. Ìyá Ìbejì, ìyàwó télọ̀, ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nídìí fèrèsé. Òun ló máa ń lọ gbogbo aṣọ tí ọkọ rẹ̀ bá rán tán. Ikọ́ fée ti ń dà á láàmú láti kékeré, ìdí nìyẹn tí tábìlì rẹ̀ fi wà níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, tí oògùn tó ń fà sẹ́nu kì í sì í kúrò lápò rẹ̀.

"Ṣebí ẹ ti wọ̀n mí léṣìí, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ lo tinú ìwé yín."

"Ti èṣí kẹ̀? Ara èṣí kọ́ ni ara tọdún yìí. Ẹ nà ró dáadáa."

Nọ́ọ̀sì nà ró. Bí télọ̀ ti ń yí téèpù mọ́ ọn níbàdí, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù tọdún yìí, torí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn nílé ìwòsàn.

"Mo ti gbà á léṣìí," ni télọ̀ dáhùn.

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ogójì ọdún ló ń sá fún abẹ́rẹ́! Èmi ti gba tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní ká jọ lọ, ó ní iṣẹ́ wà nílẹ̀."

"Ta ló ń sá? Ọjọ́ kẹta tí mo gbà á léṣìí ni ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó lé àrùn ló lọ kó àrùn wá. Ọ̀fìnkìn lásán-làsàn náà ni wọ́n kúkú ń pè ní fúlù."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ, àmọ́ wọn ò rí i tán.

"Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ yẹn ti kú, Bàbá. Kò lè fún yín ní fúlù. Apá lè dùn yín, ara sì lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Àmọ́ ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára. Èyí tó mú yín lọ́jọ́ kẹta, àfàìmọ̀ kó má ti wà lára yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó sì lè jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán lóòótọ́. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni fúlù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sì í dènà ọ̀fìnkìn."

"Ó dáa. Èwo wá ni tọdọọdún? Ṣé ọdọọdún ni wọ́n ń gún àwọn ọmọ wa ní ti ìgbóná-èèyí ni?"

Nọ́ọ̀sì wo téèpù tó wà níbàdí rẹ̀. "Bàbá, kí lẹ ń fi èyí ṣe lára mi?"

"Mò ń wọ̀n yín ni."

"Ẹ ò wọ̀n mí léṣìí?"

Ìyá Ìbejì gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ kí ó lè ríbi rẹ́rìn-ín.

"Kòkòrò fúlù ń yí padà lọ́dọọdún," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn onímọ̀ á wo èyí tó ń jà káàkiri, wọ́n á ṣe abẹ́rẹ́ tó bá a mu. Agbára ti èṣí náà á sì ti dínkù lára yín."

Agídí télọ̀ kò tíì tán. "Ara mi le, ọmọ mi. Fúlù tó jà lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo fi dùbúlẹ̀. Ìyá Ìbejì ni tirẹ̀ le. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́sibítù, tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú kó tó lè mí."

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ ṣàìsàn?"

"Èmi ni," ni télọ̀ wí. Ó rántí oníbàárà kan lọ́sẹ̀ náà tó ń húkọ́ bí òun ti ń wọn ọrùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọn ọrùn èèyàn, ojú rẹ̀ ni onítọ̀hún ń mí sí. Ó yíjú sí fèrèsé.

"Ìyá Ìbejì, ṣé èmi ni mo kó o ràn ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"O mọ̀?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti mọ̀."

"Láti ọdún méjì, o ò sì sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́, pálọ̀ lẹ máa kó ìrọ̀rí yín lọ, ẹ ò ní sùn tì mí mọ́. Ikọ́ yín ni mò ń bẹ̀rù, Bàbá Ìbejì. N ò bẹ̀rù yín."

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun télọ̀ gan-an, òun kò sì fi pa mọ́ bí ti ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá èyí tí ìyàwó òun gbà kò ní tó.

"Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí àjẹsára tó ń dènà àrùn pátápátá. Ẹni tó bá gbà á, tí fúlù bá tiẹ̀ mú un, kì í sábà le lára rẹ̀. Tí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé bá tún gbà á, ọ̀nà tí àrùn máa gbà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì á dínkù."

Télọ̀ wọ bàtà, ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀ tòun ti téèpù níbàdí. Wọ́n bi í bóyá abẹ́rẹ́ kankan ti bá ara rẹ̀ jà rí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà wà lára rẹ̀, wọ́n gún un, wọ́n sì ní kí ó jókòó díẹ̀ kí ó tó máa lọ. Apá dùn ún di ọjọ́ kejì.

Fúlù tún jà lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó lè búra pé abẹ́rẹ́ nìkan ló yọ wọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé Ìyá Ìbejì kò sùn lọ́sibítù.

Ẹ̀yin ará, bí àkókò fúlù bá ti ń sún mọ́, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nílé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, ẹ má sì gbára lé ti èṣí. Àwọn àgbàlagbà, aboyún, ọmọdé tó ti pé oṣù mẹ́fà, àti ẹni tó ní ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn ni kó tètè lọ jù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè gbà á, àwọn tó ń gbé e ni kó gbà á nítorí rẹ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ti bá ara rẹ̀ jà rí, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú. Bí ikọ́ bá mú ọ, jókòó sílé, fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu, máa fọwọ́. Bí èémí bá ń ṣòro fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bí ara tìrẹ bá sì le, wo ẹni tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan náà. Lọ gbà á nítorí tirẹ̀, má sì dúró dìgbà tó bá sọ fún ọ, torí ó lè má sọ.