Ọkùnrin Tí Kò Lè Mu Wàrà

Àárọ̀ Sátidé ni Ìdùnnú kọ́kọ́ rí i, lábẹ́ páànù jíìmù Kóòṣì Godwin ní Ìkòsì, tó gbé irin wúwo sókè orí, tí apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Ọkùnrin náà tín-ín-rín, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó dúró ṣinṣin títí Kóòṣì fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì sọ irin náà kalẹ̀ láìpariwo bí àwọn yòókù ṣe ń pariwo. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, oòrùn sì mú kí ó máa dán. Ìdùnnú gbàgbé pé ọjà lòun gbé wá tà.

Wàrà sóyà ló ń tà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹ ẹ̀wà sóyà, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń sè é títí yóò fi dì, kó tó gé e, kó sì fi ata dín in. Ọdún mẹ́ta ló ti ń tà á láàrin Kétu àti Ìkòsì, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ yà sí jíìmù.

Kóòṣì gbé ife mílíìkì ńlá kan fún ọkùnrin náà. Ó gbà á, ó dijú, ó gbé e mì bí ẹni tó ń mu àgbo. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi di ikùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tó padà jókòó, ojú rẹ̀ ti wọnú. Àánú rẹ̀ ṣe Ìdùnnú. Ó ṣí ike rẹ̀, ó ní kó fi nǹkan panu.

"Ẹ má bínú, Aunty," ni ọkùnrin náà wí, "èmi àti wàrà kì í ṣe ọ̀rẹ́."

"Màlúù kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ẹ̀wà sóyà ni. Ẹ tọ́ ọ wò. Tó bá dà yín láàmú, ẹ wá gba owó yín lọ́la."

"Mi ò tíì sanwó."

"Ẹ wá san án, kí ẹ lè rí nǹkan gbà padà."

Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó sanwó, ó jẹ márùn-ún. Inú kò run ún. Lọ́jọ́ kejì ó wá Ìdùnnú lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Kétu, kì í ṣe láti gba owó, bí kò ṣe láti rà sí i.

Elkanah Ṣóbọ̀wálé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Ṣàngísà. Géètì àti ojú fèrèsé ló ń ṣe lọ́sàn-án, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á lọ gbé irin lọ́dọ̀ Godwin. Agbára rẹ̀ ń ya Kóòṣì lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbilẹ̀. Kìlógíráàmù mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ló wọ̀n. Ní oṣù Kọkànlá ni wọn yóò yan àwọn tó máa ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó, Kóòṣì sì ti búra pé òun kò ní mú un lọ àfi tó bá sún mọ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ọdún méjì léra wọn ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ sílé. Godwin kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mílíìkì lòun fi kọ́ ara tirẹ̀, ó sì gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí Elkanah bá ṣe ń rù sí i ló ń fi kún ife rẹ̀.

Ìdùnnú ló mú un lọ bá Nọ́ọ̀sì Helen, oníbàárà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ìsọ̀ náà. Helen bi í ní ìbéèrè púpọ̀, ó sì ní kó fi gbogbo mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìnira náà dáwọ́ dúró. Helen wá ṣàlàyé pé ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí ikùn rẹ̀ kò lè dà. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni, àìmọye àgbàlagbà ló sì rí bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó rù ni pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó iṣẹ́ tó ń ṣe, ìwọ̀nba tó sì ń jẹ, mílíìkì ń lé e jáde.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ lánàá," ni Ìdùnnú wí nígbà tí wọ́n padà dé ìsọ̀.

Elkanah ronú. Búrẹ́dì ní ọ̀sán, ẹ̀bà ní alẹ́, bísíkíìtì láàrin méjì.

"Brother Elkanah, ẹ ń jẹun bí àlejò nínú ilé ara yín."

Láti ọjọ́ náà ni Ìdùnnú ti gba ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀ kanrí. Kò fún un ní oògùn kankan. Ó ní kó má ṣe dúró de ebi mọ́, kó jẹun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ó kọ́ ọ láti fi ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ méjì po ògì àárọ̀ rẹ̀. Ó ń lọ ìmùmù, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀fíọ̀, pọ̀ mọ́ èso dábínù àti àgbọn, á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú ike, ó sì funfun bí mílíìkì gan-an. Elkanah kọ́kọ́ fura sí i nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó mu ún tán tí ikùn rẹ̀ dákẹ́, ó béèrè òmíràn. Iṣu àti ẹyin mẹ́ta, ẹ̀wà tí epo rẹ̀ kò ṣahun, ẹja títùs láti Mile 12. Láwọn ọjọ́ kan ó máa ń sú u láti jẹun. Ìdùnnú á jókòó síwájú rẹ̀, á máa sọ ìtàn àwọn oníbàárà rẹ̀ fún un títí àwo yóò fi mọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ di mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó di márùndínláàádọ́rin. Godwin kò sọ̀rọ̀ mílíìkì mọ́. Ohun tó sọ kò ju pé, "Madam, abeg, whatever you dey give am, máa fún un lọ."

Ìfẹ́ ti wọlé sáàrin wọn kí wọ́n tó mọ̀. Ọjọ́ tí Ìdùnnú kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ" dípò "ẹ̀yin", àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Elkanah fi irin ṣe kẹ̀kẹ́ ìtajà fún un, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ṣe ibi tí sítóòfù á jókòó sí. Nígbà tó gbé e dé, Ìdùnnú fi ọwọ́ pa gbogbo ojú ibi tó jó pọ̀ wò.

"Kò sí ibì kankan tó máa gé mi lọ́wọ́," ló wí.

"Ọwọ́ yẹn," ni Elkanah dáhùn, "kò gbọ́dọ̀ ní ọgbẹ́ kankan."

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje tí wọn yóò fi yan àwọn aṣojú náà ni Elkanah lọ kí àwọn òbí Ìdùnnú ní Ìṣẹ́rí Olówóra. Ọmọ Ṣakí ni bàbá Ìdùnnú, Bàbá Àkànní, awakọ̀ lọ́rì tó ń kó iṣu wá sí Mile 12. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló ń ba Elkanah, ṣùgbọ́n bàbá fi ìyẹn ṣẹ̀rín. Ó ní nínú agbo ilé àwọn, Iléyá àti Kérésì, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń gbé kaná. Ìyá Ìdùnnú, Màríyámọ̀, wá gbé oúnjẹ dé. Ọbẹ̀ wàrà ni, wàrà màlúù tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé láti Ṣakí nítorí àlejò yìí, àti fúrà tútù tí wọ́n po mọ́ mílíìkì màlúù nínú ife.

Elkanah wo Ìdùnnú. Ìdùnnú wo ilẹ̀. Kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀ pé Elkanah kì í jẹ wàrà. Ó ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á pè é ní olókùnrùn.

Elkanah dọ̀bálẹ̀. "Daddy, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ má bínú, ikùn mi kì í gba wàrà."

"Kódà ẹyọ kan?"

"Kódà ẹyọ kan, sà."

Bàbá Àkànní rọra ti àwo náà sẹ́yìn. "Ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ ilé mi," ló wí, "báwo ló ṣe fẹ́ mú ọmọ ilé mi?"

Níta, Ìdùnnú bínú sí i. Ó ní ẹyọ kan péré ni, ì bá fi bu ọlá fún bàbá. Elkanah ní òun kò fẹ́ fi irọ́ wọ ilé wọn, nítorí irọ́ tí òun bá jẹ lónìí, òun ni yóò máa jẹ títí ayé. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìwọ ló yẹ kó o ti sọ fún wọn, Ìdùnnú. Ṣé ojú mi ló ń tì ọ́?" Ìdùnnú yí padà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi rí ara wọn. Elkanah ń dá jẹ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún bí Ìdùnnú ṣe kọ́ ọ, kò sì fo ọ̀kankan.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìdùnnú kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ti Helen, ti ṣúgà inú mílíìkì, àti pé òun lòun dákẹ́ níbi tó yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀. Bàbá fẹ́ sọ pé kò sí irú ìyẹn rí, ṣùgbọ́n Màríyámọ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà gbé ojú sókè.

"Bàbá Ìdùnnú, kí ló máa ń dá ọkọ̀ yín dúró ní Ìsẹ́yìn?"

Bàbá yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti mu fúrà ní Ṣakí, ẹ ó dúró ní Ìsẹ́yìn, ẹ ó wọ igbó. Ẹ ní ọ̀nà ni kò dára."

Bàbá Àkànní fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ rọ̀.

Ìdùnnú kò dúró. Ó gba Ṣàngísà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá Elkanah nídìí géètì, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní ojú rẹ̀ kò ti òun rí, ẹ̀rù ló ba òun, òun kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀rù sọ̀rọ̀ fún òun mọ́. Elkanah bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, lọ́rì ńlá kan dúró síwájú jíìmù. Bàbá Àkànní sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi," ló sọ fún Elkanah, "ohun tí mo fi pamọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ìwọ sọ ọ́ lójú mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó lè sọ òótọ́ fún bàbá ìyàwó kò ní purọ́ fún ìyàwó. Wọ ọkọ̀."

Mẹ́tàdínláàádọ́rin ó dín díẹ̀ ni òṣùwọ̀n kà. Irin tó wúwo jù nínú ìsọ̀rí rẹ̀, òun nìkan ló gbé e dúró. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n yàn, Godwin ló kọ́kọ́ sunkún.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Elkanah tún wà ní Ìṣẹ́rí Olówóra. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni Màríyámọ̀ gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, Elkanah àti Ìdùnnú jókòó sí fàráńdà, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ìdùnnú, mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi wá tọrọ rẹ nínú oṣù Kejìlá. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti gbà tipẹ́," ni Ìdùnnú wí. "Ìwọ lo pẹ́ kó o tó béèrè."

Ó dìde, ó na ọwọ́ sí i, wọ́n sì jọ wọlé lọ sọ fún àwọn òbí.