Ìkíni Ṣẹ̀ríìfù

Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni ohùn tí Ṣẹ̀ríìfù fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kúbúrá tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Cadjèhoun nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbé e sétí.

“Bọ̀ọ̀dá Ràzáàkì, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Kúbúrá ńkọ́? Kúbúrá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń kàwé? Àwọn ará Ṣakété ńkọ́? Ẹ kú ọyẹ́ o...”

Ọkùnrin náà kí ilé, ó kí ọ̀nà, ó kí ewúrẹ́ tí wọ́n ti pa jẹ lọ́dún Iléyá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ni ohùn rẹ̀ tó rẹlẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti wọ ìlú. Wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín ṣiṣẹ́. Èmi àti Rasidat ọmọ mi ti ń lọ sí ibodè. Àwọn aṣọ́bodè ní bí a ò bá ní ìwé tí ọ̀gá ológun yín tẹ òǹtẹ̀ lé, ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn máa kà wá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé tí ẹ ṣèlérí yẹn.”

Treasure, ọ̀rẹ́ Kúbúrá, yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. “Ta ló ń kí yín bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ yín?”

“Ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Máàlì ni. Ó ní wàhálà wà.”

“Wàhálà kẹ̀! Ẹni tó wà nínú wàhálà á ráyè kí ewúrẹ́?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Ṣẹ̀ríìfù kì í ṣe ọmọ ogun. Ọmọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ti ta ẹ̀yà alùpùpù ní àríwá Máàlì fún ogún ọdún ni. Nígbà tí wọ́n rán bàbá Kúbúrá àtàwọn ṣójà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, òun ni ògbufọ̀ wọn. Òun ló ń sọ fún wọn ọ̀nà tí wọn ò gbọdọ̀ gbà. Lọ́jọ́ kan, àṣẹ dé pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ogun ò parí, àmọ́ wọ́n ká àgọ́, wọ́n wálé. Kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n tún rán bàbá Kúbúrá lọ ṣọ́ ààlà àríwá Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ogun tí wọ́n fi sílẹ̀ ti ń tẹ̀ lé wọn bọ̀.

Kó tó lọ, ó fún ọmọ rẹ̀ ní fóònù yìí. “Nọ́ńbà tí Ṣẹ̀ríìfù mọ̀ nìyí. Mi ò lè mú un lọ síbi tí mò ń lọ. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí o gbé e lọ bá Kápítéènì Babátúndé ọ̀gá wa ní àgọ́ ológun tó wà níhìn-ín. Òun ló máa kọ ìwé.”

Kúbúrá dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Treasure ti fi í ṣẹlẹ́yà rí pé: “Ṣé ogun parí ni bàbá rẹ fi wálé, àbí wọ́n sá?” Láti ìgbà yẹn, Kúbúrá ti kọ àròkọ kan, “Bàbá Mi Parí Ogun.” Òun ló gba ipò kìíní, lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò sì kà á níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Àlejò pàtàkì ọjọ́ náà? Kápítéènì Babátúndé. Ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ tuntun, ó ti ra bàtà tó ń ta Kúbúrá lẹ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ kí kápítéènì gbọ́ pé ọlọ̀tẹ̀ ti wọ ìlú kó tó gbọ́ àròkọ náà?

“Á kúkú wá lọ́jọ́ Ẹtì,” ló sọ fún ara rẹ̀. “Ọjọ́ mẹ́ta péré.” Ó bá yí padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ka àròkọ náà bíi mínísítà. “Bàbá mi lọ, ó jà, ó ṣẹ́gun, ó sì fi àlàáfíà sílẹ̀ níbẹ̀!” Àtẹ́wọ́ sọ. Kápítéènì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn tán, Kúbúrá fi ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n fún un há abíyá, ó na fóònù sí i. Kápítéènì gbọ́ ìkíni náà látòkèdélẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó gbọ́ ìyókù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

“Ìgbà wo lèyí dé?”

“Ọjọ́... ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọ̀gá.”

Ó dìde. “Ìgbà tí àwa fi ọkùnrin yìí sílẹ̀, wọ́n pàṣẹ fún wa ni. Ta ló pàṣẹ fún ìwọ?”

Kápítéènì mú ọ̀nà àgọ́ pọ̀n.

Kó tó di aago mẹ́ta, ìwé ti délẹ̀, òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló hàn lójú fóònù: kò tíì dọ́wọ́ Ṣẹ̀ríìfù. Kò di méjì lọ́jọ́ yẹn. Kò di méjì lọ́jọ́ Abámẹ́ta. Kúbúrá gbé fóònù náà wọ ilé ìwẹ̀, ó gbé e jókòó ti oúnjẹ tí kò lè jẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ohùn kan wọlé láti nọ́ńbà mìíràn. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohùn ọmọbìnrin ni.

“Rasidat ni. Wọ́n dá wa padà níbodè lọ́jọ́rú nítorí ìwé. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wá mú bàbá mi. A ò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ẹ má wulẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ mọ́.”

Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí ìyá Kúbúrá na fóònù tirẹ̀ sí i. “Bàbá rẹ ni, láti àríwá.”

“Kúbúrá, ṣé Ṣẹ̀ríìfù ti pè?”

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ọmọ náà dáhùn. “Ẹ kú òtútù. Ṣé ara yín le? Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ? Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ńbẹ̀ ńkọ́...”

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ṣẹ̀ríìfù ò kí wọn nítorí pé ó ráyè. Ẹ̀bẹ̀ ló wúwo lẹ́nu rẹ̀.

“Kúbúrá,” ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Mo ní ṣé Ṣẹ̀ríìfù ti pè?”

Ó sọ ọ́ fún un, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé ọjọ́ Àìkú, kò yọ bàtà tuntun pàápàá sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò bú u. Ó kàn ń mí sókè sódò lórí fóònù ni, títí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi já.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, àwọn tó pàṣẹ pé kí ṣójà kó ẹrù wọn kúrò lójú ogun lè má mọ orúkọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Kúbúrá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi í dúró de àtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ lè dúró. Ìwé atúmọ̀ èdè náà ṣì wà lórí pẹpẹ nílé wọn. Kò sí ẹni tó ṣí i rí.